Ààrò Mẹ́ta Abẹ́ Ìkòkò Ìlera

Àwọn àgbà a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dáná rí mọ ohun kan tí òwe náà kò sọ jáde: ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti ga bákan náà. Bí méjì bá ga, tí ẹ̀kẹta sì rì sínú ilẹ̀, ìkòkò yóò fì sí apá kan, ọbẹ̀ yóò sì máa kán sínú iná láti ìhà ibi tí ààrò ti kúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò ìlera ilẹ̀ wa rí. Ìjọba mẹ́ta ni ó gbé ìkòkò náà ró, èyíinì ni ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ìjọba ìpínlẹ̀, tí tiwa wà ní Ìlọrin, àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀ tí àwọn kan fi ń rí ìwòsàn gbà tí àwọn mìíràn kò sì rí i, ó yẹ kí a wo àwọn ààrò wọ̀nyí dáradára, kí a bèèrè èyí tí ó kúrú nínú wọn, kí a sì wádìí ohun tí ó sọ ọ́ di kúkúrú.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 wí pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú pípèsè ìtọ́jú ìlera fún àwọn ará ìlú. Bí àwọn ìjọba wa sì ti ń tẹ̀ lé e láti ìgbà pípẹ́ wá, ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí. Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, irú èyí tí ó jẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin tí a dá sílẹ̀ ní 1980, wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn gbogbogbòò, irú ti Òmù-Àrán, wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ilé ìlera kékeré tí ó wà ní abúlé àti ní àdúgbò, níbi tí a ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ti ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, tí aboyún sì ti ń gba ìtọ́jú, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpín yìí. Ìjọba tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni ó mú ilé ìwòsàn tí ó jìnnà jù lọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni a sì fi èyí tí ó súnmọ́ wọn jù lọ lé lọ́wọ́. A gbé ẹrù wúwo lé ọmọdé lórí, àgbàlagbà sì ń ju apá lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àlọ́ létí wa, ẹ jẹ́ kí a fi aboyún kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ń gbé ní Obbo-Aiyegunle, tí ìrọbí sì mú un ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí ọmọ bá wálẹ̀ wẹ́rẹ́, tí ibi sì tẹ̀ lé e, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dáradára ni obìnrin náà nílò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì dá, ọ̀rọ̀ ti di ti wàràwàrà, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá; ibi tí ó tutù ni a sì ń tọ́jú rẹ̀ sí kí agbára rẹ̀ má baà lọ. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, fìríìjì di àpótí lásán, abẹ́rẹ́ náà sì lè di omi lásán. Bí abẹ́rẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, ó di dandan kí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára, tàbí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ilé ìlera kékeré nínú méjèèjì yìí. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò ni ó ni ín. Bí kò bá sì sí dókítà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ọ̀nà Ìlọrin ni ó kù, ọ̀nà náà sì ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ.

Ní 1994, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, gbé ìwádìí kan jáde lórí ikú àwọn aboyún, wọ́n sì pín ohun tí ó ń pa wọ́n sí ìdádúró mẹ́ta. Èkíní ni ìdádúró nínú ilé, nígbà tí ọkọ, ìyá ọkọ àti àwọn ẹbí ń gbèrò bóyá kí wọ́n gbé e lọ tàbí kí wọ́n dúró di òwúrọ̀. Èkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà: a ń wá ọkọ̀ kiri, a kò rí, a rí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yóò ṣe jókòó lórí ọ̀kadà? Ẹ̀kẹta ni ìdádúró nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, níbi tí a ti lè ní kí ọkọ lọ san owó káàdì, kí ó lọ ra ìbọ̀wọ́, kí ó lọ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan aláìsàn.

Àwọn ènìyàn kan tí ń gbé ní ìlú ńlá a máa sọ pé àìmọ̀kan àwọn obìnrin oko ni ó ń pa wọ́n. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Nínú ìdádúró mẹ́ta yìí, ẹ fi èyí tí ó jẹ́ ti àìmọ̀kan hàn mí. Èkejì jẹ́ ti ọ̀nà àti ọkọ̀, ẹ̀kẹta jẹ́ ti òṣìṣẹ́ àti oògùn, iṣẹ́ ìjọba sì ni àwọn wọ̀nyí. Èkíní pàápàá, tí ó dà bí ẹni pé ti inú ilé ni, owó ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò béèrè owó tí òun kò ní lọ́wọ́ òun kì í yára dìde, ẹni tí ó sì ti lọ rí tí kò bá dókítà yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tún lọ.

Ohun tí ìdádúró wọ̀nyí ń dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025, nǹkan bí 75,000 obìnrin ni ó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 nìkan. Nínú gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé lọ́dún náà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ tiwa. Bí a bá ka ọmọ 100,000 tí a bí, ìyá 993 ni ó bá ibẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Rwanda, tí kì í ṣe ilẹ̀ olówó, tí ogun sì ti fọ́ bí ìgbá ní 1994, iye náà ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tó 300 mọ́.

Kò yẹ kí a rò pé òní ni àìdọ́gba yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń jẹ gàba lórí wa, ilé ìwòsàn tiwọn wà lọ́tọ̀ ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, ti àwọn ènìyàn dúdú sì wà lọ́tọ̀. Ní ìgbèríko, bí kò bá sí dìsípẹ́ńsárì, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ajíhìnrere ni aláìsàn yóò forí lé. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìjọ SIM ni ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1952.

Ẹ̀wẹ̀, àìdọ́gba mìíràn tún wà tí ó kan àwa ará agbègbè yìí ní tààràtà, tí àwọn tí ń kọ ìtàn kì í sì í sábà mẹ́nu kàn. Ààlà ilẹ̀ ni ó fà á. Èkìtì ni àwọn ará Obbo, Osi àti Iloffa, bí àwọn ará Ọ̀tùn ti jẹ́ Èkìtì. Èdè kan náà ni a ń sọ, a sì ń fẹ́ra wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Òyìnbó ń pín ilẹ̀, wọ́n fi gbogbo wa sábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá. Ní 1936, wọ́n gba Ọ̀tùn padà fún àwọn Èkìtì ti Ìwọ̀-Oòrùn. Àwa wà níbi tí a wà. Ní 1958, Ìgbìmọ̀ Willink yẹ ọ̀rọ̀ ààlà Ìlọrin àti Kàbà wò, kò sì yí i padà.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìlera? Ó ní ohun púpọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe é ní òfin pé kí a máa tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 18. Òfin náà wúlò ní Ọ̀tùn. Ní Iloffa, tí kò jìnnà sí Ọ̀tùn rárá, òfin Ìwọ̀-Oòrùn kò lágbára. Ìyá kan náà lè ní ọmọ kan tí ó fẹ́ ọkọ sí Ọ̀tùn àti òmíràn tí ó fẹ́ ọkọ sí Iloffa. Ibà kan náà ni yóò mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà kọ́ ni yóò gbà wọ́n. Irú ọ̀rọ̀ yìí tún padà wá ní 1979, nígbà tí ẹgbẹ́ UPN ṣe ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ó wà lọ́wọ́ wọn, èyíinì ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ọ̀tùn wà ní Oǹdó nígbà náà. Àwa wà ní Kwara, ẹgbẹ́ NPN ni ó sì wọlé níbẹ̀. UPN borí ní Kwara ní 1983, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni ìjọba Olóyè Cornelius Adébáyọ̀ lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹ̀fọn kì í bèèrè ààlà kí ó tó fò kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbìyànjú láti gbé ààrò kúkúrú ga jákèjádò Nàìjíríà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, ọmọ Àlùfáà Israel àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè 134 péjọ sí Alma-Ata, ní ilẹ̀ Kazakhstan tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà, wọ́n sì fi ẹnu kò pé láti ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ìtọ́jú ìlera ti bẹ̀rẹ̀: ní abúlé, pẹ̀lú omi mímọ́, oúnjẹ tí ó dára, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún àti oògùn àwọn àrùn tí ó wọ́pọ̀. Èyí ni a ń pè ní ìlera alábọ́dé. Nígbà tí Ransome-Kuti di mínísítà ìlera ní 1985, ó mú ìpinnu yìí lọ́kùnkúndùn. Ó yan ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ètò náà tàn kálẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé bí a ti ń rí i lórí tẹlifíṣàn, tí ó ń kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tí ó ń ṣu yàgbẹ́. Ó kúrò ní ipò náà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje. Ọ̀pọ̀ ilé ìlera tí a kọ́ nígbà náà ṣì dúró; ṣùgbọ́n ògiri nìkan kì í wo aláìsàn sàn.

Ohun tí ó sọ ààrò yìí di kúkúrú kì í ṣe àdììtú. Owó ni, àti ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé Òfin 1999 ní kí a dá àsùnwọ̀n owó kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ jọ ní, kí owó tí ó bá ti Àbújá wá fún ìjọba ìbílẹ̀ sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Omi tí ó bá gba ọ̀pọ̀ kòtò kọjá kì í kún inú ìkòkò ẹni ìkẹyìn. Bí kánsù kò bá rí owó gbà tó, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a, oògùn ni yóò tẹ̀ lé e. Ní Àbújá náà ẹ̀wẹ̀, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ ní oṣù Kẹrin 2001, wọ́n sì ṣe ìlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná wọn ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìlú wa ni wọ́n ti ṣe ìlérí náà, síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì mú un ṣẹ lọ́dún kan ṣoṣo. Ta ni ó wá ń san owó náà? Aláìsàn ni. Nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó tó méje tí ó ń ti àpò ẹni tí àárẹ̀ mú àti ti ẹbí rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí iṣu fi ń kúrò nínú abà kí ó tó tó tà, tí ilẹ̀ fi ń di dídógò, tí ọmọ sì fi ń jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, ṣé òfin kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́ ni? Ìbéèrè rere ni. Abala 17 nínú Ìwé Òfin kan náà wí pé kí ìjọba rí i dájú pé ìtọ́jú ìlera tí ó tó wà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé náà padà sí abala 6, a ó rí i níbẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kò ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ lórí orí ìwé tí gbólóhùn yẹn wà nínú rẹ̀. Ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ọwọ́ òsì ti gbà á padà kí a tó jí.

Dókítà kan wà ní ilẹ̀ Wales, Julian Tudor Hart ni orúkọ rẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn awakùsà èédú. Ní 1971 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ibi tí àìsàn ti pọ̀ jù lọ ni ìtọ́jú rere ti ń ṣọ̀wọ́n jù lọ, pàápàá níbi tí ọjà bá ti ń darí ìtọ́jú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń wò, níbi tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948. Kí ni ìbá wí bí ó bá rí tiwa? Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí owó ìlú kọ́ ní ìhín ń ṣí lọ sí ọ̀hún, débi pé ní 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Àwọn olórí wa náà ń gba ọ̀nà kan náà lọ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn. Ààrẹ Yar'Adua lọ sí Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá 2009 fún ìtọ́jú. Ààrẹ Buhari lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìrìn-àjò kan ní 2017, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní oṣù Keje 2025. A kì í fi àìsàn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan láéláé kò ní tètè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì náà ti já.

Kì í ṣe pé ojútùú kan kò sí, kì í sì í ṣe òkèèrè nìkan ni a ti lè rí i. Ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí gan-an, ní Shonga, ètò adójútòfò ìlera kan bẹ̀rẹ̀ ní 2007 fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá 300 náírà lọ́dún; ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands ń san èyí tí ó kù. Ètò náà tàn dé àwọn agbègbè mìíràn, àwọn tí ó ṣèwádìí sì kọ ọ́ ní 2014 pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di 2016, ó dáwọ́ dúró. Ohun tí owó àlejò bá gbé ró kì í pẹ́ kí ó tó mì, bí onílé kò bá tètè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òfin Ìlera ti 2014 gbìyànjú láti wá owó tí kì í ṣe ti àlejò. Ó ní kí a máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Ọdún 2018 ni a tó kọ́kọ́ fi owó náà sínú ìṣúná, èyíinì ni ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí a ti bu ọwọ́ lu òfin. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ètò yìí tí mo fẹ́ràn. Owó náà kò dúró lọ́dọ̀ gómìnà tàbí alága. Ó ń lọ tààrà sínú àsùnwọ̀n ilé ìlera tí a yàn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 300,750 náírà ni ilé ìlera kọ̀ọ̀kan ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn ará àdúgbò, nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi owó náà ṣe: bóyá oògùn ni a rà, tàbí a tún òrùlé ṣe, tàbí a gba agbẹ̀bí kan síṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ìgbìmọ̀ náà wà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe gbà á dúró mọ́. Títẹ̀ lé ìdájọ́ náà kò yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi lè múlẹ̀, kò ní rọrùn fún kánsù mọ́ láti sọ pé owó òun wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti wà ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin, ti Oke-Ero sì wà ní Iloffa. Fún ẹni tí ó bá ní ìbéèrè láti bi wọ́n nípa fìríìjì, agbẹ̀bí tàbí abẹ́rẹ́, kò sí èyí tí ó jìnnà tó Ìlọrin nínú méjèèjì.